Etí mi lọ sinmi lórí òkè Sábẹ

Ìròyìn ò lásìkò mọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni bàbá wa ń tan rédíò: láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde, àti lálẹ́ tí wọ́n bá jẹun tán. Bí wọ́n bá ti gbọ́ tán, wọ́n á pa á, ó di ọ̀la. Ẹni tí kò bá sí nílé lásìkò yẹn, èyí tí aládùúgbò bá rántí sọ fún un ni tirẹ̀. Lónìí, ìròyìn ń bá èèyàn wọ ilé ìwẹ̀. Ó ń bá wa jẹun, ó ń bá wa sùn, bí a bá sì jí lóru láti tọ̀, ọwọ́ á ti kan fóònù kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀.

Tèmi le sí i láti ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Benin: àwọn ọmọ ogun kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba láàárọ̀, wọ́n ní àwọn ti gbàjọba, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìjọba ti borí wọn. Lọ́jọ́ náà, ó yẹ kéèyàn gbọ́ ìròyìn. Ẹni tó ní ọmọ ní Kútọ̀nù, tó gbọ́ pé ìbọn ń dún níbẹ̀, tí kò wádìí, ẹni náà ò gbọ́n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tán nílẹ̀, kò tán lọ́wọ́ mi. Bí ìṣẹ́jú díẹ̀ bá ti kọjá, mo gbọ́dọ̀ wò ó bóyá nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀. Nǹkan mìíràn sì máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, nítorí ayé tóbi. Bí kò bá sí ní Benin, á wà ní Niger. Bí kò bá sí ní Niger, á wà ní Sudan tàbí Gaza tàbí Ukraine. Ká má tíì sọ ti àwọn ohùn orí WhatsApp, ti ọkùnrin tí kò sọ orúkọ ara rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, tó ní ká fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá kíákíá. Nígbà tó fi di oṣù Kẹta, tí ọ̀rọ̀ ìbò ààrẹ ti gbòde kan, orí mi ti kún, n ò sì lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbà mí. Olùkọ́ físíìsì ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí. Ó ti pẹ́ tó ti ń ráhùn pé òun ń ya àwòrán ìràwọ̀ mẹ́rin kan tó dúró ní àgbélébùú fún àwọn ọmọ lórí pátákó, bẹ́ẹ̀ òun fúnra òun ò rí i dáadáa rí láti Àjàṣẹ́. Kò purọ́. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kan gbé àwòrán àgbáyé kan jáde tó ń fi hàn bí iná alẹ́ ṣe ba ojú ọ̀run jẹ́ tó. Ó lé ní 80 nínú 100 èèyàn ayé tó ń gbé níbi tí iná ti fọ́ òkùnkùn, ó sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tí kò lè rí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ funfun tó la ọ̀run já mọ́. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ àti Kútọ̀nù náà ti ń dá tiwọn. Iná funfun tí wọ́n rì mọ́ etí títì wúlò, n ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Obìnrin tó ń dín àkàrà lálẹ́ lábẹ́ rẹ̀ mọ oore tó ń ṣe fún un. Ó kàn jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ náà kì í wolẹ̀ nìkan, ó ń gòkè pẹ̀lú. Lálẹ́ tó dára jù ní àdúgbò wa, mo lè ka ìràwọ̀ tán kí n tó jẹ àkàrà kan tán.

Ó ní ká lọ sun òru kan níbi tó ṣókùnkùn, ká wo ìràwọ̀. A yan Sábẹ, ìlú kan láàárín Benin tí wọ́n ń kọ ní Savè lédè Faransé, nítorí òkè. A yan oṣù Kẹta nítorí òjò. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, ọyẹ́ ló ń jọba lápá ibẹ̀. Eruku tó ń bá ọyẹ́ wá, aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, pàápàá láti kòtò gbígbẹ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ó sì máa ń bo ọ̀run débi pé àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù nìkan ló ń yọjú. Èéfín igbó tí wọ́n ń sun tún wà. Òjò àkọ́rọ̀ bíi méjì ló ń wẹ gbogbo rẹ̀ nù. Bí èèyàn bá sì tún falẹ̀ títí di oṣù Karùn-ún, ìkùukùu á ti gba ibẹ̀. Àyè tó wà láàárín ò gùn. Ó tún yẹ kí oṣù má sí lókè, nítorí òṣùpá àrànmọ́jú kì í jẹ́ kí ìràwọ̀ kéékèèké hàn. Olùkọ́ ló ṣe gbogbo ìṣirò yìí. Tèmi ni pé kí wọ́n ṣáà gbé mi kúrò nílé.

Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, olùkọ́, àti àbúrò mi obìnrin tó ní òun ò lè jẹ́ kí ejò gbé wa mì láìsí ẹlẹ́rìí. Àlòkù ni àgọ́ tí a gbé, ọjà Mísẹ́bò ní Kútọ̀nù la ti rà á. Orúkọ ọmọ òyìnbó kan ṣì wà lára àpò rẹ̀ tí wọ́n fi bíró kọ. A gba Bohicon, a gba Ìdàáṣà, a gba Glazoué. Láti Kútọ̀nù, ó tó bí 250 kìlómítà.

Èèyàn ò nílò láti béèrè Sábẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn òkè ló máa ń kọ́kọ́ yọ síni: àpáta ńláńlá, dúdú, tó dán, tó kàn hù láti inú pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìwé fún arìnrìn-àjò lédè Faransé ń pè wọ́n ní ọmú Sábẹ. Àbúrò mi ní ọkùnrin ló sọ wọ́n lórúkọ yẹn, n ò lè bá a jiyàn. Orí wọn ni àwọn ará ibẹ̀ ń sá gùn nígbà tí ogun Dàhòmì ń kó èèyàn lẹ́rú, wọn ò sì fojú òkúta lásán wò wọ́n títí di òní. Ìdí nìyẹn tí àlejò kì í fi í kàn gùn wọ́n láìkí onílẹ̀.

Àna ọ̀rẹ́ mi ló mú wa dé ọ̀dọ̀ Bàbá kan tí oko kajú wọn wà nídìí òkè. Bàbá béèrè ilé wa, wọ́n béèrè iṣẹ́ wa, wọ́n wá béèrè ohun tí a bá wá.

Olùkọ́ ní, "Bàbá, ìràwọ̀ la fẹ́ wò."

Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. "Kò sí ìràwọ̀ ní Àjàṣẹ́ ni?"

"Ó wà, Bàbá. Iná ni ò jẹ́ ká rí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń retí kí iná ìjọba dé ìdí òkè, àwọn kan wá gbéra láti Àjàṣẹ́ nítorí pé wọ́n ń sá fún iná. Wọ́n fún wa láyè. Wọ́n tún fún wa ní ọmọ-ọmọ wọn kan tó máa fi ọ̀nà hàn wá.

Kí a tó gòkè, a yà lọ́jà ra iṣu, wàgáṣì (wàrà àwọn Fúlàní) àti omi. Obìnrin tó ta wàgáṣì fún wa bi wá pé ṣé ẹ̀rù ò bà wá láti wá Sábẹ. Mo ní kí ló dé. Ó ní gbogbo àlejò ló máa ń bi òun bóyá ìlú ti rọ̀. Ó yé mi. Lóṣù Kẹfà ọdún 2019, àwọn ará ìlú àti agbófinró kọlu ara wọn níbẹ̀. Lóṣù Kẹrin ọdún 2021, nígbà tí ìbò ààrẹ ku ọjọ́ díẹ̀, àwọn olùwọ́de dí títì tó lọ sí Parakou pa. Àwọn ọmọ ogun wá ṣí i, ìbọn dún, ẹ̀mí ṣòfò. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa tí kò dé ibẹ̀ rí mọ̀ mọ́ orúkọ Sábẹ nìyẹn: táyà tó ń jó. Èmi náà, òun ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí olùkọ́ dárúkọ ìlú yìí. Ìròyìn ò purọ́ mọ́ Sábẹ. Ọjọ́ tí ilé ń jó ló wá, bí iná ṣe kú, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò padà wá béèrè iye tí wàgáṣì ń lọ lọ́jà.

Nípa gígùn òkè, ẹ jẹ́ kí n má fi yín ṣòfò: òógùn, èémí, bàtà tó ń yọ̀. Ọmọ-ọmọ Bàbá ń fò níwájú wa pẹ̀lú sálúbàtà rọ́bà.

Ibi tí a pàgọ́ sí kì í ṣe góńgó orí òkè. Èjìká rẹ̀ kan tó tẹ́ ni. A ò lè kan èèkàn mọ́ àpáta, òkúta la fi tẹ okùn àgọ́ mọ́lẹ̀. Oòrùn tó ti ń lu àpáta náà láti àárọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní, mo dùbúlẹ̀ lé e, ooru ń gba ẹ̀yìn mi wọlé bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lójú. Ilẹ̀ ti ṣú tipẹ́ kí ooru yẹn tó tán. Láti ìsàlẹ̀, òórùn èso kajú tó ti pọ́n, tó ti bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi, ń bá atẹ́gùn gòkè wá. Ó dùn, ó sì ń kan díẹ̀díẹ̀. Fóònù wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a pa wọ́n. Àbúrò mi kó wọn sínú ìkòkò tí a fi se iṣu, ó dé e, ó gbé òkúta lé ọmọrí rẹ̀.

Àgùàlà ló kọ́kọ́ yọ, nísàlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, kí ọ̀run tó dúdú tán. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá oṣù ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, oṣù tí wọ́n ní ó ń sìn ò sí níbì kankan, òun nìkan ló ń dá rìn. Olùkọ́ ní kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀, pé ayé kan bíi tiwa ni, tó ń yí oòrùn po, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń mú ara rẹ̀ dán. Kò pẹ́ tó fi wọ̀.

Ìgbà yẹn ni olùkọ́ ṣòfin. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan iná funfun. Ó ní oríṣi nǹkan méjì ni ojú èèyàn fi ń ríran, ọ̀kan fún ọ̀sán àti àwọ̀, èkejì fún òkùnkùn. Èyí tó wà fún òkùnkùn ń gbà tó 20 sí 30 ìṣẹ́jú kó tó jí dáadáa, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ fóònù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó láti dá a padà sórun. Iná pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́, nítorí náà ó ti fi aṣọ pupa di ojú tọ́ọ̀ṣì kan láti ilé. Mo rò pé àṣejù olùkọ́ ni. Àmọ́ bí a ṣe dákẹ́ síbẹ̀, àwọn ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín àwọn ìràwọ̀. Ibi tí mo ti ní kò sí nǹkan, tí mo bá tún padà wò ó, ó ti kún. Mo mú ibì kan ṣoṣo, àárín ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀léra àti ọ̀kan pupa tó wà lókè wọn, mo tẹjú mọ́ ọn. Òfìfo ni nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ìràwọ̀ kan yọ, òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di pé n ò lè kà wọ́n mọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lórí òkè yẹn, èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, ojú mi ni kò tíì dé.

Bàbá gòkè wá bá wa lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọ̀pá lọ́wọ́, wọn ò sì mí gúlegúle bíi tiwa. Wọ́n na ọ̀pá sí apá ìwọ̀-oòrùn, sí àwọn ìràwọ̀ kéékèèké kan tó ṣùjọ. "Adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn." Wọ́n ní bí adìyẹ bá ti ń wọlé sùn ní kùtùkùtù alẹ́, kí àgbẹ̀ má jókòó sílé mọ́. Olùkọ́ ka ìràwọ̀ mẹ́fà níbẹ̀. Àbúrò mi ka méje. Bàbá ní àwọn ò kà á rí o, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Olùkọ́ wá ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti oṣù dé ọ̀dọ̀ wa, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti oòrùn, ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀. Láti ara ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ lóru, Sirius, tó wà lókè orí wa nígbà yẹn, ó lé ní ọdún mẹ́jọ. Láti ọ̀dọ̀ adìyẹ yẹn, nǹkan bí 440 ọdún.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló bá a rìn?"

Olùkọ́ ò rí èsì fọ̀. N ò rò pé Bàbá ń retí èsì.

Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti àríwá, kò ṣẹ́jú, kò pariwo. Àbúrò mi ní ọkọ̀ òfuurufú ni. Olùkọ́ ní satẹ́láìtì ni, pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló wà lókè báyìí, títí kan ti Starlink tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Benin lọ́dún 2023. Àwọn bàbá wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kan ra. Wọn ò mọ̀ pé a máa kó íntánẹ́ẹ̀tì lọ síbẹ̀. Mo tẹ̀ lé e títí ó fi wọnú òjìji ayé, tó pòórá láàárín ọ̀run láìdé ibì kankan. Bóyá ìròyìn ló ń gbé kọjá, lórí orí mi gan-an, kò sì lè já lé mi, nítorí inú ìkòkò iṣu ni fóònù mi wà.

Ẹ má rò pé ara mi balẹ̀ lọ́gán o. Lẹ́yìn tí Bàbá sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ mi lọ sí àpò ṣòkòtò, ó padà, ó tún lọ. Mo rò pé a ti ń pè mí. Mo rò pé nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀ níbì kan tí gbogbo ayé mọ̀ àyàfi àwa. Mo tilẹ̀ wo ìkòkò yẹn lẹ́ẹ̀kan tàbí méjì. Nígbà tí kò sí ohun tí mo lè wò mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó kù. Ọ̀rọ̀ kékeré la kọ́kọ́ ń sọ: iyọ̀ tó pọ̀ nínú ọbẹ̀, òyìnbó tó ni àgọ́ wa tẹ́lẹ̀, ohun tó ń dún nínú igbó. Ó ṣe díẹ̀, àbúrò mi ní òun ti kọ̀wé béèrè ààyè láti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Parakou, pé ó ti ń lọ sí oṣù kan, òun sì ń bẹ̀rù pé ìyá wa ò ní gbà. Agbo ilé kan náà la jọ ń gbé. Mo mọ orúkọ àwọn mínísítà ìlú tí n ò lè fọwọ́ tọ́ka sí lórí máàpù, ìyẹn ni n ò gbọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni ẹ gbójú sókè?" A sọ̀rọ̀ náà débi tó yẹ ká sọ ọ́ dé. Ohun tí a bá ara wa sọ kù ní tiwa.

Nǹkan bí aago kan òru ni olùkọ́ jí wa. Àgbélébùú rẹ̀ ti dúró lóòró ní gúúsù, kò ga, ó kàn lé díẹ̀ lórí igbó. Ó kéré sí bí mo ṣe rò ó. Olùkọ́ ò kà á sí, ó ń wò ó ṣáá bí ẹni tí gbèsè rẹ̀ wọlé. Ó wá fi ìràwọ̀ kan hàn wá lápá òsì rẹ̀, tó mọ́lẹ̀ ju tirẹ̀ lọ: Alpha Centauri, tó wà lára àwọn tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn nínú òkùnkùn. Èyí tó ń wọ ojú mi lórí òkè Sábẹ, ọdún 2021 ló ti kúrò nílé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dí títì ìsàlẹ̀ yìí pa. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń bọ̀, wọ́n ti kó táyà kúrò, wọ́n ti sin òkú wọn, wọ́n ti gbin iṣu, wọ́n ti wà á, wọ́n tún ti gbìn ín. Àwa tí a wà ní Àjàṣẹ́ la ṣì dúró sídìí táyà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo tún jí fúnra mi. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ má sun àsùnjù lásìkò yìí, nítorí òun ni ojúlówó. Ọ̀wọ́ funfun yẹn ti dìde ní ìlà-oòrùn, lápá Nàìjíríà, ó nípọn, ó ní ibi dúdú nínú tó dà bíi pé wọ́n ya á. Olùkọ́ ní eruku ni ibi dúdú yẹn, pé àárín gbùngbùn gbogbo ìràwọ̀ wa wà lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sì ń lo nǹkan bí 26,000 ọdún kó tó dé. N ò gbìyànjú láti fi nọ́ńbà yẹn sórí. Mo jókòó, mo fi ẹní bora, mo ń wò ó títí ọ̀run fi ń ṣí.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ láti dúpẹ́, Bàbá wà lórí àpótí níwájú ilé, rédíò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n fi okùn so bátìrì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìròyìn! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo jókòó mo gbọ́ ọ. Wọ́n ń ka ìkéde lédè Sábẹ: màlúù ẹnì kan sọnù, ó ní àmì báyìí létí, ìpàdé wà lórí kànga abúlé kan, iye tí wọ́n ń ra kajú rèé, lágbájá ṣaláìsí, ọjọ́ báyìí ni wọ́n máa sin ín. Nígbà tí wọ́n dárúkọ olóògbé, Bàbá gbé ọwọ́ sókè kí a dákẹ́. Wọ́n gbọ́ orúkọ náà tán, wọn ò sọ nǹkan. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n jáde pẹ̀lú fìlà àti agbádá kékeré kan, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn gbé ọ̀kadà jáde. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ, mo ní láti débẹ̀." Kí a tó parí ọ̀rọ̀ ìdágbére, wọ́n ti lọ.

Ọ̀rọ̀ kajú yẹn náà, kì í ṣe eré fún wọn. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì ṣe jáde kúrò ní Benin, kó lè máa lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́lé, irú èyí tó wà ní Glo-Djigbé. Oṣù Kẹta sì ni kajú ń bọ́ sílẹ̀. Bí Bàbá ò bá gbọ́ iye tí wọ́n ń rà á láàárọ̀, ẹni tó máa wá wọ̀n ọ́n rà lọ́sàn-án lè rẹ́ wọn jẹ. Nínú gbogbo ohun tí rédíò yẹn sọ, n ò gbọ́ ẹyọ kan tí kò ní ẹni tó lè dìde sí i.

Mo sọ èyí fún olùkọ́ lójú ọ̀nà, ó sì yarí. Ó ní tí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni kó gbọ́ ti Sudan? Ó ní àwọn ará Sábẹ fúnra wọn, lọ́dún 2021, ṣé wọ́n fẹ́ kí a di etí? N ò rí ibi já a. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ gbígbọ́ tí mo ń gbọ́ ti Sudan láti oṣù Kejìlá, ìgbà ogún lóòjọ́, ìlà méjì méjì, kò ran ẹnì kankan lọ́wọ́ níbẹ̀. N ò tilẹ̀ lè sọ fún un bí ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń ka ìròyìn lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo sì ń kà á gùn. Mo ti jáde kúrò nínú ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn. Ti ìdílé ni mo fi sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá jáde níbẹ̀, ìpàdé ló máa fà.

Inú mọ́tò ni àbúrò mi ti ṣí ìkòkò. Fóònù mi gbọ̀n títí ó fi dákẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló nílò èsì: ìyá wa ń béèrè bóyá a ti jẹun.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wo ọjọ́ oṣù kí ẹ tó gbéra. Ọ̀sẹ̀ tí oṣù lé tuntun tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló dára jù. Ẹ kí àwọn onílẹ̀ kí ẹ tó gun ohunkóhun. Ẹ gbé omi ju bí ẹ ṣe rò pé ó tó lọ, kò sí lórí àpáta. Ẹ mú aṣọ pupa dání fún tọ́ọ̀ṣì. Àwọn èso kajú tí wọ́n bá fún yín, ẹ má jẹ́ kí omi wọn kán sí aṣọ tí ẹ fẹ́ràn, kì í fọ̀. Kí ẹ sì gbọn bàtà yín dáadáa láàárọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́: àkeekèé Sábẹ ò gbọ́ ìròyìn kankan, kò mọ̀ pé àlejò ni yín.